Aṣọ Tó Wà Lára Ìyeyè

Níwájú ilé ọkọ mi ní Bẹ́yẹrúnkà, igi ìyeyè kan wà tí mo bá jà fún odidi ìgbà òjò kan, tí mo sì tipa bẹ́ẹ̀ di ìyàwó rẹ̀. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dún. N ó tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìdodo.

Igi náà ga ju òrùlé páànù wa lọ. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì sán bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Lára èèpo yìí, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ẹ̀ka ti yà, nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri. Ó rí pẹlẹbẹ bí ewé, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀pá tí ewé fi ń so mọ́ igi. Róbótó ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa fẹ̀ láti etí, etí náà á sì ká sókè díẹ̀ bí etí ìwé tí ọmọ ilé ìwé ti lò pẹ́. Nígbà ọyẹ́, àwọ̀ eérú ni. Bí o bá fi èékánná kàn án, á fọ́ bí ìpékeré. Bí òjò bá rọ̀ sí i, kíá ni yóò rọ̀, tí yóò sì di àwọ̀ ewé. Ní ìdí igi, níbi tí Bàbá àgbà ilé wa ti máa ń fi búútà ṣe àlùwàlá, àwọ̀ ewé ló ń wà láti ọdún dé ọdún.

Kì í ṣe olú, nítorí olú kì í lo ọdún lára igi. Kì í ṣe àfòmọ́, nítorí àfòmọ́ ní ẹ̀ka, ó sì ń so. Kì í sì í ṣe ohun yíyọ̀ tó ń gun ògiri kànga. Mo bi àwọn ará ilé pé kí ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan ní, “Ara igi ni.” Ẹlòmíì ní, “Kí la fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe? Ṣé a fẹ́ rán an níṣẹ́ ni?”

Mi ò lè máa wo ohun tí kò lórúkọ lójoojúmọ́. Èmi fúnra mi sọ ọ́ lórúkọ. Mo pè é ní làpálàpá igi.

Mo ní ìdí. Mo ka ìwé girama dé òpin rẹ̀, èyí tí kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ obìnrin nígbà náà, obìnrin òyìnbó tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sì ti là á yé wa pé ohunkóhun tó bá yọ ní róbótó, tí àárín rẹ̀ ń gbẹ, tí etí rẹ̀ sì ń fẹ̀, làpálàpá ni, ó sì ń ràn. Kò sọ pé ara ènìyàn nìkan ni òun ń wí. Àwa náà ò bi í.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní nígbà tí mò ń wí yìí, obìnrin. Ó pẹ́ kó tó dé, débi pé àwọn ènìyàn ti ń rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá dé, mo ṣọ́ ọ. Mò ń se omi tó ń mu. Mò ń lọ aṣọ rẹ̀ ní ojú àti ní inú. Mi ò jẹ́ kí wọ́n kọlà fún un, nítorí mo ti rí abẹ olóòlà, mo sì ti rí omi tó fi ń ṣàn án. Àwọn ará ilé ní ṣe ni mò ń gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Mo ní ẹ ṣeun.

Ìyeyè náà ń so nígbà òjò. Èso rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, á sì máa bọ́ sílẹ̀ pọ̀ọ́, pọ̀ọ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọmọ agbolé máa ń wà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣeré bojúbojú. Ẹni tó bá kàn láti bojú, ara igi ni yóò gbé ojú lé títí àwọn yòókù á fi sá pamọ́. Ọmọ tèmi ò mọ bí a ṣe ń sá pamọ́ dáadáa. Òun ló máa ń kàn jù láti bojú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fi ìpara pa á lójú kó tó lọ sílé ìwé ni mo rí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún: róbótó, ó funfun bí eérú, etí rẹ̀ ga sókè díẹ̀. Mo fà á jáde síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ara ìyeyè, mo wo tibí, mo wo tọ̀hún. Wọ́n jọra bí ìyá àti ọmọ.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò yẹn. Ilé ìwé ọmọ mi, ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó, kún bí ọjà tó bọ́ sí ọjọ́ ọdún. Ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin tó sanra, tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyànjẹ ni gbogbo ìbéèrè, fi ìka kan gbé àgbọ̀n ọmọ mi sókè, ó wò ó, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ìyá ọmọ, ẹ máa mú un lọ sílé.”

“Títí di ìgbà wo, mà?”

“Títí ojú rẹ̀ á fi mọ́.”

“Bí kò bá tètè mọ́ ńkọ́, mà?”

“Ẹ wo ẹnu géètì.” Mo wò ó. Àwọn ìyá dúró síbẹ̀ tọmọtọmọ, wọ́n ń ju ọwọ́ sí wa. “Gbogbo ìyẹn ló ń retí kí ẹnì kan dìde. Mi ò lè bá làpálàpá tọ́jú bẹ́ńṣì.”

Bí mo ṣe ń jáde, mo yọjú wo kíláàsì ọmọ mi. Mo rí ọmọ bíi mélòó kan tí wọ́n fá lórí, tí nǹkan róbótó wà lórí wọn gbàǹgbà, tí wọ́n sì jókòó ti àyè ọmọ mi. Mo ro ó dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé ilé tiwọn náà gbọ́dọ̀ ní igi.

Láti Mápó títí mo fi gba Ọjà'ba dé Bẹ́yẹrúnkà, ń ṣe ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Nígbà tí mo dé iwájú ilé, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò fọ́nká. Àwọn obìnrin ilé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dúró níwájú ìyeyè, mo na ìka sí i.

“Igi onílàpálàpá! Ìwọ lo kó o ran ọmọ mi! O ò ní rí ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á gé ọ ṣáá ni!”

Ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. Ìyáálé wa, ìyàwó tó ṣáájú gbogbo wa dé ilé náà, gbé àtẹ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀.

“Ìyàwó.”

“Mà?”

“Ta lò ń bá wí?”

“Igi yìí ni, mà.”

“Nígbà tí wọ́n gbé ọ wọlé yìí, ṣé ìwọ lo bá a nílé, àbí òun ló bá ọ?”

“Èmi ni mo bá a, mà.”

“Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, kí ló jẹ́ sí i?”

Gbogbo obìnrin Yorùbá mọ èsì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí sílé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni, ì báà jẹ́ ìkókó tí kò tíì hu eyín. Ìyàwó ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Orúkọ dídùn ni yóò wá fún un. Mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo ní Ìbàdíàrán, mo ní Akọ̀wé, mo sì ní ọmọ ọwọ́ kan tó máa ń tọ̀ sí mi lára tí mò ń pè ní Olówó-orí-mi. Àṣà náà ti wọ̀ mí lára débi pé ẹ ò ní rí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó kan igi.

“Ọkọ rẹ̀ ni, mà,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ wa. Wọn ò mẹ́nu ba igi.”

“Ẹ gbọ́ o!” ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí. “Ìyàwó oníwèé fẹ́ bá wa ṣe gírámà!”

“Dákẹ́, jẹ́ kó gbọ́,” ni ìyáálé wí. Ó yíjú sí mi. “Ibi Bàbá wà nídìí ìyeyè yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bí Bàbá ni wọ́n sin ibi rẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n gbin igi lé e lórí. Ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì wọ ilé yìí. Nígbà tí o bá wá dúró ní gbangba, tí o ní ó ní làpálàpá, ta lo wí?”

Kí n tó lanu, ohùn Bàbá àgbà ti jáde láti inú ilé, níbi tó jókòó sí lórí awọ àgùntàn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀.

“Ta ló ní mo ní làpálàpá?”

“Ìyàwó yín ni, Bàbá.”

Bàbá jáde. Àgbàlagbà ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ta bí ojú ọmọdé tó fẹ́ dá ẹni lápàárá. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó yí apá náà síwá sẹ́yìn. “Ẹ wò ó o. Ẹ bá mi wá a. Bóyá ẹ̀yìn ló wà, mi ò rí ẹ̀yìn mi láti ọjọ́ yìí.”

Ẹ̀rín sọ. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ojú ọmọ mi ló dà mí láàmú. Wọ́n ti lé e nílé ìwé.”

“Mi ò bínú. Ọkọ rẹ lo bú. Fún un lórúkọ, kó dáríjì ọ́.”

Mo gbójú sókè wo igi náà. Mo wò ó láti ìdí dé òkè, bí nǹkan ọ̀hún ṣe bò ó, ègé lórí ègé, èyí tó ṣú, èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́, bí aṣọ tí wọ́n dá sí i lára. Orúkọ tí ìyàwó ń fún ọkùnrin gíga ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

“Agùntáṣọọ́lò.”

Wọ́n hó yèè. Ẹni tó ga tó láti gbé aṣọ níyì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá mi orí, ó tún un pè lẹ́nu bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

“Ó bá a mu. Aṣọ ni lóòótọ́. Aṣọ tí kì í gbó, tí òjò ń pa tí àwọ̀ rẹ̀ ń dára sí i! Nínú èyí tí ọkọ rẹ kékeré ń tà l'Ọ́jẹ̀ẹ́, ṣé irú rẹ̀ wà níbẹ̀?”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ gígé igi ṣe parí. Kò sí obìnrin tó ń gé ọkọ. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ mi ṣì wà bó ṣe wà, àwọn ìyá sì ṣì wà lẹ́nu géètì.

Nígbà tí ọkọ mi, èyí tó jẹ́ ènìyàn, ti ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, mo rojọ́ fún un.

“Ta lo fẹ́ kí n bá jà nínú wọn?” ló bi mí. “Igi ni, àbí Bàbá?”

“Mi ò ní kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ wa ni mo ní kí ẹ gbà sílẹ̀.”

“Wọ́n ní ọkọ rẹ ni. Ohun tí aya bá ń ṣe fún ọkọ, lọ ṣe é fún un.” Ó fa àwo oúnjẹ rẹ̀ mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ àwàdà ló pè é. Èmi gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Kí ni aya ń ṣe fún ọkọ? Ó ń se oúnjẹ fún un. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé garawa omi, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn tuntun jáde. Mo mú ọmọ mi dúró tì í, mo ní kó na ọwọ́ sókè, kó sì fò. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé ni mo fi ẹfun sàmì sí. Láti ibẹ̀ wá sílẹ̀, yíká, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jáde wá wò mí.

“Ìyàwó, kí lò ń ṣe?”

“Mò ń wẹ ọkọ mi ni, mà.”

Ìyáálé wá òfin tí mo lù, kò rí i. Àwọn tó kù ò dúró wá òfin kankan.

“Èyí tó wà nínú yàrá ńkọ́, ta ló ń wẹ̀ ẹ́?”

“Ìyẹn lọ́wọ́. Èyí ò lọ́wọ́.”

“Má gbàgbé abẹ́ apá rẹ̀ o!”

“Rọra, má jẹ́ kí ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú!”

Láti inú ilé, Bàbá ké jáde: “Ta ló ń rin mí ní ìhà? Ẹ sọ fún un kó rọra ha mí!”

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí mo fi ṣe tán. Nǹkan náà ń tú kúrò wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ń léfòó nínú omi ọṣẹ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n já. Ohun kan wà tí mo rí tí ó yẹ kí n sọ: ibi tó ti tú kúrò dá ṣáká. Kò sí egbò níbẹ̀, kò sí kòkòrò, igi náà ò ju, kò sì rà. Bí ẹni bọ́ ẹ̀wù lára ènìyàn ló rí. Mo rí i kedere. Mi ò kà á sí.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, ní ìsọ̀ kan ní Bẹẹrẹ. Nígbà tí ilé ìwé ti lé ọmọ, ọ̀dọ̀ ìyáálé ni mò ń fi í sí lójúmọ́. Kí n tó jáde, mo máa ń fi ìpara funfun tí wọ́n fún mi ní ilé ìtọ́jú aláìsàn pa á lójú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo dé láti ìsọ̀, mo bá nǹkan mìíràn lójú rẹ̀: omi kan tó ki, tó ti gbẹ, tó ń dán bí ìgbà tí ìgbín bá gba ibẹ̀ kọjá.

“Ìyá wa, kí lẹ fi pa á lójú?”

“Làpálàpá ni.”

“Làpálàpá, mà?”

“Kí la tún fi ń wo làpálàpá bí kì í bá ṣe làpálàpá?” Bí ẹni pé wọ́n bi í pé kí la fi ń pa òùngbẹ ló ṣe dáhùn.

Ẹ wò mí ní ìdúró níbẹ̀. Ohun tí mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn lé lọ lára igi, wọ́n ti lọ ha á láti òkè, níbi tí mi ò fọ̀ dé, wọ́n gún un, wọ́n sì fi pa ọmọ mi lójú! Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ìkúnlẹ̀ ni, orúnkún mi ò tíì gbàgbé. Mo ní, “Ẹ ṣé é, mà.” Mo fa ọmọ lọ sí balùwẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo fi kànrìnkàn fọ ojú rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Ó ké. Mo ní kó máa rọra ké.

Báyìí la ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìyáálé á pa á ní ọ̀sán, èmi á fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Nǹkan róbótó náà kò lọ, ó tilẹ̀ ń fẹ̀. Bó ṣe ń fẹ̀ ni mò ń fi agbára kún fífọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyáálé ń fi kún pípa. Mo gbọ́ tó ń sọ fún obìnrin kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, “Ọwọ́ mi yìí ò tíì bá làpálàpá kan pàdé tí kò lọ. Ṣé ogbó ti dé ni?” Ohùn rẹ̀ kò dùn. Inú mi dùn díẹ̀. Mo rò pé ó ti ń mọ̀ pé igi ò ṣe é fi ṣe oògùn.

Mo bá ọmọ mi ṣe àdéhùn pé kó má lọ sí abẹ́ ìyeyè mọ́. Nítorí náà, ó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀, ó ń wo àwọn tó ti ilé ìwé dé bí wọ́n ṣe ń ṣa èso. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Màámi, ṣé wọ́n ti fún ẹlòmíì ní àyè mi?” Mo ní rárá. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kan wá, òjò ńlá ṣú, ìyá tó ni ìsọ̀ wa ní kí kálukú máa lọ. Mo tètè dé ilé. Mi ò bá ìyáálé àti ọmọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wo ìdí ìyeyè, wọn ò sí níbẹ̀. Mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn, lẹ́bàá ọgbà tí wọ́n fi igi tútù ṣe yí balùwẹ̀ ká. Ìyáálé já ewé kan lára igi ọgbà náà, ó gbá ibi tí ó ti ṣẹ́ mú, omi rẹ̀ ń kán sí i lórí ìka, ó ń hó funfun bí omi ọṣẹ. Ó fi ìka náà yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti etí wá sí àárín.

“Ìyá wa, kí lẹ̀ ń já yẹn?”

“Làpálàpá.”

“Èyí?”

“Èwo ló tún wà?”

Mo wo igi ọgbà náà. Mo mọ̀ ọ́n. Nílé bàbá mi ní Mọ́lété, irú rẹ̀ yí ọgbà wa ká, àwa ọmọdé sì máa ń fẹ́ omi rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ hóhò ọṣẹ. Bọ̀tujẹ̀ là ń pè é. Láti kékeré mi, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nílé wa pè é ní nǹkan mìíràn.

“Nílé wa, bọ̀tujẹ̀ ni, mà.”

“Nílé ibí, làpálàpá ni. Ohun tó ń wò ni wọ́n fi ń pè é. Kí lo rò pé mò ń wí látọjọ́ yìí?”

Ó yẹ kí n parọ́. Mi ò mọ irọ́ pa tí ẹ̀rù bá ń bà mí. “Ti ara igi ni mo rò, mà.”

“Igi wo?”

“Ara... ara Agùntáṣọọ́lò, mà.”

Ìyáálé dúró ṣinṣin, ìka rẹ̀ ṣì wà lókè. “Ta ló sọ fún ọ pé ti ara rẹ̀ ń jẹ́ làpálàpá?”

Mo wá ẹni náà. Mo wá a nínú gbogbo ẹni tó wà nílé, mo wá a dé ilé ìwé girama. Èmi ni.

“Ìwọ wá,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Gbogbo èyí tí mo ń pa sí ọmọ yìí lójú, kí lo ń fi í ṣe?”

“Mò ń fọ̀ ọ́ dànù ni, mà.”

Mo rò pé yóò bínú. Ó jókòó lórí òkúta tí a fi ń fọṣọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di inú mú, ẹ̀rín sì gbé e títí omi fi dà lójú rẹ̀. “Mo ti ní ọwọ́ mi ti kú! Mo ti ń bẹ Ọlọ́run! Ẹ gbà mí o, ìyàwó ń wẹ igi, ó ń wẹ ọmọ, ó tún ń wẹ oògùn!” Òjò bẹ̀rẹ̀, kò dìde. Ọmọ mi wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, “Màámi, ṣé ẹ ò ní fọ̀ mí mọ́?”

Mi ò fọ̀ ọ́ mọ́. A fẹnu kò pé omi ewé ti ìyáálé ni ọ̀sán, ìpara tèmi ni alẹ́, kànrìnkàn á sì lọ sinmi. Nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn láti etí. Nígbà tó lọ tán, ìyáálé ní omi làpálàpá ló ṣe é. Èmi ní ìpara ni. Bàbá ní láti ìgbà tí wọ́n ti wẹ òun ni ara ti tu gbogbo ilé. Mi ò lè fi ìdánilójú sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, nítorí a kò dán wọn wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo mú ọmọ padà lọ sílé ìwé. Ọmọ mìíràn wà lórí àyè rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gá ilé ìwé gbé àgbọ̀n ọmọ mi sókè, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀.

“Kí ni wọ́n lò fún ọ?”

“Ìyá àgbà fi làpálàpá pa mí lójú,” ni ọmọ mi wí, ketekete bí mo ṣe kọ́ ọ láti máa dáhùn, “Màámi sì wẹ ọkọ wọn tó wà níwájú ilé.”

Ọ̀gá wò mí pẹ́.

“Ìyá ọmọ, ṣé àlàáfíà ni ilé?”

“Àlàáfíà ni, mà.”

Ó yíjú sí bẹ́ńṣì náà. “Ẹ sún,” ló wí fún àwọn ọmọ tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n sún. Ọmọ tó sún mọ́ ọmọ mi jù, orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irun ni. Mo wò ó títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ibi tí mo fọ̀ lára ìyeyè kò tètè bo ara rẹ̀. Ohun tí a fi òwúrọ̀ kan bọ́ kúrò, igi náà ò rí i rán padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmì ọwọ́ ọmọ mi wà níbẹ̀ gbangba: aṣọ lókè, ìhòòhò nísàlẹ̀, bí ọkùnrin tó wọ dàńṣíkí tó gbàgbé ṣòkòtò. Ọmọ mi dàgbà kọjá àmì náà. A gba òmìnira. Ó wọ ilé ìwé girama, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jiyàn pé omi ẹ̀rọ ò nílò síse. Ìgbà yẹn ni ewé róbótó àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní ibi tí mo fọ̀, kékeré bíi bọ́tìnnì. Mo máa ń wò ó tí mo bá ń gbálẹ̀.

Ìyáálé àti Bàbá ti kú nígbà náà, mo sì ti di ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí. Wọ́n gbé ìyàwó kan wọlé fún àbúrò ọkọ mi, ìyàwó náà kàwé jù mí lọ. Kò pẹ́ tó bímọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó dúró níwájú ìyeyè, ó fi aṣọ bo ọmọ náà lórí, ó sì fa ara sẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló pè mí, “irú àrùn wo ló wà lára igi yìí? Ṣé kì í ran ọmọdé?”

Àwọn obìnrin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

“Ìyàwó. Ta lò ń bá wí?”

Mo bá a sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, láti orí ọkọ dé orí ibi Bàbá, mi ò sì fo nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. Ó fún igi náà lórúkọ tirẹ̀, orúkọ tó dára. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sí iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò wá mọ́, mo pè é wá sí yàrá. Mo bá a yẹ ara ọmọ náà wò, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìṣẹ́po ara kọ̀ọ̀kan, lójú fèrèsé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá gbé garawa fún un, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn tí kò tíì kan omi.

“Wọ́n ní ọkọ rẹ ni,” mo wí. “Kò sẹ́ni tó lè ní kí o má wẹ̀ ẹ́.”